Oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, àbí eré ìdárayá? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ yan

Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí Yunifásítì Loyola ní Chicago gbé èsì iṣẹ́ kan jáde nípa àwọn obìnrin Igbó-Ọrà àti Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá wa. (Igbó-Ọrà tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì náà ni.) Obìnrin 149 ni wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n wé obìnrin adúláwọ̀ 172 ní agbègbè Chicago. Tí a bá pín in dọ́gba, àwọn ti Chicago wọn kílò 83, àwọn ti Ìbàràpá wọn bíi 58. Èrò tó wà lọ́kàn àwọn olùwádìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tèmi àti tiyín: iṣẹ́ ló fà á. Ẹni tó ń roko, tó ń pọnmi, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, agbára tí ara rẹ̀ ń jó gbọ́dọ̀ ju ti ẹni tó ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ fíìfíì.

Wọn ò fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọ̀n ọ́n o. Omi àkànṣe kan wà tí èròjà háídírójìn àti ọ́síjìn inú rẹ̀ wúwo ju ti omi lásán lọ. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò á mu ún, wọ́n á sì máa gba ìtọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí èròjà méjèèjì ṣe ń bá ìtọ̀ jáde ni wọ́n fi ń ṣírò iye kálórì tí ara ń jó, nígbà tí onítọ̀hún bá wà nílé ara rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé jù, torí kò sí pé ẹnì kan gbàgbé ohun tó ṣe lánàá tàbí pé ó bù mọ́ ọn.

Èsì tó jáde ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ro títóbi ara mọ́ ìṣirò, kálórì 760 ni ìrìn àti iṣẹ́ ń jó lóòjọ́ lára àwọn ti Chicago, 800 lára àwọn ti Ìbàràpá. Ìyàtọ̀ ogójì yẹn kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbé ẹjọ́ lé. Nígbà tí wọ́n sì tún tọpa wọn fún ìgbà díẹ̀ sí i, iye agbára tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń jó kò sọ ẹni tí yóò sanra sí i àti ẹni tí kò ní sanra. Amy Luke, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, sọ pé oúnjẹ ló jọ pé ó fa ìyàtọ̀ ọ̀hún. Oúnjẹ Ìbàràpá kún fún fáíbà, ọ̀rá àti ẹran inú rẹ̀ sì kéré. Ní Chicago, ọ̀rá nìkan kó ìdá 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń jẹ, oúnjẹ alágbèéṣe, èyí tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe délẹ̀, sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Mo fi ìwádìí yìí ṣáájú torí ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ń sáré yí pápá ká láràárọ̀ fún oṣù mẹ́fà, tí òṣùwọ̀n kò yí, tó wá gbà pé ara òun ni kò dáa. Ó dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti rí àgbàlagbà tó ń febi pa ara rẹ̀ títí itan rẹ̀ fi gbẹ. Oníkálukú wọn mú irinṣẹ́ tí kì í ṣe ti iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Oúnjẹ ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nínú ara, eré ìdárayá náà ní tirẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá ló máa sọ èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ mú.

Bó bá jẹ́ ìwọ̀n ara ni ẹ fẹ́ dín kù

Oúnjẹ ló ṣáájú níbí. Ibùdó ìwádìí Fred Hutchinson ní ìlú Seattle fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Obìnrin 439 tó sanra, tí wọ́n ti kọjá ọjọ́ orí nǹkan oṣù, ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe pín wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa yan èyí tó wù ú. Ìṣẹ́jú 45 lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ni wọ́n ní kí àwọn eléré ìdárayá máa ṣe. Èsì ọdún kan nìyí:

| Ohun tí wọ́n ṣe | Ìwọ̀n ara tó wálẹ̀ |
|---|---|
| Wọn ò yí nǹkan kan padà | 0.8% |
| Eré ìdárayá nìkan | 2.4% |
| Oúnjẹ nìkan | 8.5% |
| Oúnjẹ àti eré ìdárayá | 10.8% |

Ẹni tó wọn kílò 90 yóò tipa báyìí bọ́ kílò méje àti ààbọ̀ sílẹ̀ nípa oúnjẹ nìkan, àti kílò méjì àti díẹ̀ nípa eré ìdárayá nìkan. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Wákàtí kan tí ẹ fi rìn kánmọ́kánmọ́ kò jó ju kálórì 250 sí 300 lọ lára ẹni tó wọn kílò 70. Ìgò mínírà 50cl kan ti dá bíi 200 padà nínú rẹ̀, ẹ sì lè mu ún tán kí ẹ tó délé. Ebi tún lè pọ̀ sí i lẹ́yìn eré, ènìyàn sì lè fẹ́ sinmi níyòókù ọjọ́ náà.

Síbẹ̀, ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé eré ìdárayá kò lè dín ìwọ̀n kù láéláé. Ní Yunifásítì Queen's ní Kánádà, Robert Ross àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọkùnrin 52 tó sanra. Àwọn kan dín kálórì 700 kù lójúmọ́ nínú oúnjẹ. Àwọn kan jẹ oúnjẹ wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi eré jó 700 yẹn lójoojúmọ́, níṣojú àwọn olùwádìí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kílò méje àti ààbọ̀ ni apá méjèèjì bọ́ sílẹ̀, ọgbọọgba. Eré lè ṣe é, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan lójoojúmọ́ láìjẹ́ kí oúnjẹ yẹ̀. Mélòó nínú wa ló ráyè ìyẹn?

Àwọn kan tún wà nínú ìwádìí ti Kánádà yìí tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Wọ́n ní kí àwọn wọ̀nyí ṣeré, kí wọ́n sì jẹun kún un, kí ìwọ̀n wọn má bàa yí rárá. Kò yí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá inú ikùn wọn, èyí tó yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká, tó sì léwu jù, dín kù. Tí òṣùwọ̀n bá kọ̀ tí kò gbéra, ẹ má fi ìyẹn nìkan ṣe ìdájọ́ eré tí ẹ ń ṣe.

Nígbà tí ẹ bá wá jò tán, ipò yí padà. Ara ẹni tó jò máa ń dín agbára tó ń jó kù, bíi pé ó fẹ́ gba ohun tó sọ nù padà. Kevin Hall, ní ibùdó ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, tọpa ènìyàn 14 tí wọ́n jò gan-an nínú ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n kan. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, agbára tí ara wọn ń jó nígbà ìsinmi ṣì fi bíi kálórì 500 lóòjọ́ kéré sí ohun tó yẹ kó jẹ́. Àwọn tí kò padà sanra púpọ̀ nínú wọn ni àwọn tó fi eré kún eré wọn jù. Torí náà, láti jò, oúnjẹ. Láti dúró síbi tí ẹ jò dé, eré ìdárayá.

Bó bá jẹ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni

Ibí ni mo fẹ́ pẹ́ sí jù, torí kò sí ìdílé tí mo mọ̀ tí àtọ̀gbẹ kò kàn.

Ní ìlú Daqing ní Ṣáínà, ní 1986, àwọn dókítà rí ènìyàn 577 tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Ilé ìwòsàn 33 ni wọ́n ti ń tọ́jú wọn, wọ́n sì yan iṣẹ́ fún ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan: àwọn kan á tún oúnjẹ ṣe, àwọn kan á máa ṣeré ìdárayá, àwọn kan á ṣe méjèèjì, àwọn tó kù á wà bí wọ́n ṣe wà. Ọdún mẹ́fà kọjá. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọn ò yí nǹkan kan padà, 68 ti ní àtọ̀gbẹ. Nínú àwọn tó tún oúnjẹ ṣe, 44. Nínú àwọn eléré ìdárayá, 41. Nínú àwọn tó ṣe méjèèjì, 46.

Ẹ tún nọ́ńbà mẹ́ta yẹn wò: 41, 44, 46. Kò sí èyí tó lè fọ́nnu sí èkejì. Eré ìdárayá tí oúnjẹ fi sílẹ̀ sẹ́yìn ní Seattle ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Daqing, torí ṣúgà ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀. Wọ́n sì tún tọpa wọn fún ọgbọ̀n ọdún. Àtọ̀gbẹ fi nǹkan bí ọdún mẹ́rin pẹ́ kó tó dé bá àwọn tó yí nǹkan padà, ẹ̀mí wọn sì gùn ju ti àwọn yòókù lọ ní ọdún kan àti oṣù mélòó kan.

Iṣan ara ló fà á. Lẹ́yìn oúnjẹ, ínsúlíìnì ló máa ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú iṣan. Lára ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bọ̀ wá bá, ilẹ̀kùn yẹn ti ń le. Àmọ́ iṣan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ máa ń fa ṣúgà wọlé láìdúró de ínsúlíìnì, ìrọ̀rùn yẹn kì í sì í tán lára títí di ọjọ́ kejì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń sọ pé kí ẹ má jẹ́ kí ó ju ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra wọn lọ láìṣeré. Ẹni tó kó gbogbo eré ọ̀sẹ̀ rẹ̀ jọ sí Sátidé kò rí àǹfààní yìí gbà bí ó ṣe yẹ.

Eré náà kò sì gbọ́dọ̀ le kó tó ṣiṣẹ́. Ní Melbourne ní Ọsirélíà, àwọn olùwádìí ní kí ènìyàn 19 jókòó fún wákàtí márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n mu ohun mímu aládùn. Lọ́jọ́ mìíràn, àwọn ènìyàn kan náà ń dìde rìn fún ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn gbogbo ogún ìṣẹ́jú. Ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ yẹn nìkan fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín gígòkè ṣúgà wọn kù. Ìyá tó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ dalẹ́, awakọ̀ tó ń retí èrò ní gáréèjì, akọ̀wé tó wà nídìí kọ̀ǹpútà: nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ló rọrùn jù fún yín, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Amẹ́ríkà ló wá fi oògùn kún ìfiwéra náà. Ibùdó 27 ni wọ́n ti ṣe é, ènìyàn 3,234 tí àtọ̀gbẹ ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí ló kópa, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2002. Àwọn kan ń lo metformin. Àwọn kan tún oúnjẹ ṣe kí ìwọ̀n ara wọn lè fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, wọ́n sì ń rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Metformin dín àwọn tí àtọ̀gbẹ mú kù ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Oúnjẹ àti ìrìn dín wọn kù ní ìdá 58. Lára àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún sókè, ó tó 71. Mo bẹ yín, ẹ ka ìyẹn fún àwọn òbí yín létí.

Bó bá ti di àtọ̀gbẹ ńkọ́? Níbẹ̀ ni oúnjẹ ti tún gba iwájú. Yunifásítì Newcastle àti ti Glasgow, lábẹ́ Roy Taylor àti Mike Lean, mú ènìyàn 306 tí àtọ̀gbẹ irú kejì (type 2) wọn kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ, tí wọn ò sì tíì máa gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Ìdajì wọn fi ọbẹ̀ olómi àti ohun mímu àkànṣe rọ́pò gbogbo oúnjẹ fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Kò ju kálórì 850 lọ lójúmọ́. Wọn ò ní kí wọ́n fi eré kankan kún un lásìkò yẹn. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti bọ́ lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ láìlo oògùn. Nínú àwọn tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá, mẹ́rin péré. Lára àwọn tó bọ́ kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, 86 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Àlàyé Taylor ni pé ọ̀rá tó kún inú ẹ̀dọ̀ àti inú ẹ̀yà ara tó ń pèsè ínsúlíìnì ló ń ṣe ìdíwọ́, jíjò dáadáa ló sì ń yọ ọ́ kúrò.

Ní ọdún kejì, 46 yẹn ti di 36, torí ara àwọn kan ti padà. Àwọn dókítà ló sì ń ṣọ́ wọn, tí wọ́n ń dá oògùn wọn dúró nígbà tó yẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe irú èyí fúnra yín nílé.

Ẹni tó ti dàgbà

Tó bá jẹ́ pé ẹni ọdún 65 sókè ni ẹ ń yàn fún, ẹ má yan oúnjẹ nìkan. Lórí èyí, mi ò ní ṣe àfẹnusọ méjì. Ní Yunifásítì Washington ní St. Louis, àwọn olùwádìí mú àgbàlagbà 107 tó sanra, èsì wọn sì jáde ní 2011. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó tún oúnjẹ ṣe nìkan ti bọ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀, àwọn tó ṣe méjèèjì bọ́ 9, àwọn eléré nìkan kò bọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá wo òṣùwọ̀n nìkan á ní oúnjẹ ló borí.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún dán wọn wò lórí ohun tí àgbàlagbà nílò láti dá gbé: dídìde lórí àga, gígun àtẹ̀gùn, wíwọ ẹ̀wù, bíbẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀. Àwọn olóúnjẹ nìkan sàn sí i ní ìdá 12, àwọn eléré nìkan ní 15, àwọn tó ṣe méjèèjì ní 21. Àwọn olóúnjẹ nìkan pàdánù ìdá 5 nínú ẹran ara wọn tí kì í ṣe ọ̀rá àti ìdá 3 nínú agbára egungun ìbàdí. Àwọn tó ṣe méjèèjì pàdánù 3 àti 1. Egungun ìbàdí ìyá àgbà tó ṣubú nínú balùwẹ̀, ẹ mọ ibi tó máa ń já sí.

Irú eré wo? Villareal tó ṣáájú iṣẹ́ náà dáhùn ìyẹn ní 2017. Lára àwọn àgbàlagbà tó ń jò, àwọn tó ń rìn tàbí tí wọ́n ń sáré nìkan pàdánù ìdá 5 nínú ẹran ara, àwọn tó ń gbé irin pàdánù 2. Àwọn tó ń ṣe méjèèjì ló ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò àwọn ohun tí àgbàlagbà nílò láti dá gbé. Gbígbé nǹkan wúwo kì í ṣe ti ọ̀dọ́ nìkan. Ẹni tí kò ní irin lè máa dìde kó tún jókòó lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan, tàbí kó máa gbé ìgò omi sókè sódò.

Oúnjẹ wo gan-an?

Ìjà "ẹ má jẹ ẹ̀bà mọ́" àti "ẹ má jẹ ọ̀rá mọ́" kò tó ohun tí ènìyàn ń bá ara rẹ̀ jà sí. Christopher Gardner ní Stanford pín ènìyàn 609 sí méjì fún ọdún kan: àwọn kan dín ọ̀rá kù, àwọn kan dín oúnjẹ afáralókun kù. Ohun tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ jẹ́ kílò 5.3 àti 6.0, ìyẹn ni pé ìkan náà ni wọ́n. Wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò jíìnì wọn bóyá yóò sọ oúnjẹ tó bá oníkálukú mu. Kò sọ ọ́. Ẹ fi owó yín pamọ́ fún ẹ̀fọ́ tí ẹnì kan bá fẹ́ ta irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún yín. Apá méjèèjì ni wọ́n ní kí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀, kí wọ́n sì yẹra fún ṣúgà àti ìyẹ̀fun funfun.

Ohun tó ṣe kókó jù lójú tèmi ni bí oúnjẹ ṣe ti gba ilé-iṣẹ́ kọjá tó. Hall tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fi ènìyàn 20 sí ilé ìwòsàn, ọ̀sẹ̀ méjì lórí oúnjẹ alágbèéṣe, ọ̀sẹ̀ méjì lórí oúnjẹ tí wọ́n se látilẹ̀. Ṣúgà, ọ̀rá àti fáíbà tí wọ́n gbé síwájú wọn dọ́gba, wọ́n sì ní kí wọ́n jẹ bó ṣe wù wọ́n. Lórí oúnjẹ alágbèéṣe, wọ́n fi kálórì bíi 500 jẹ jù lójúmọ́, wọ́n sì fi kílò 0.9 sanra. Lórí oúnjẹ tí wọ́n se, wọ́n fi kílò 0.9 jò. Mo rò pé ohun tó ya Igbó-Ọrà sọ́tọ̀ sí Chicago lọ́jọ́ náà nìyẹn, ìyàtọ̀ yẹn sì ń parẹ́ bí bískíìtì, mínírà àti núdùù ṣe ń wọ abúlé.

"Ọjọ́ orí ló fà á"

Mo gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn ẹni ogójì ọdún lemọ́lemọ́. Ní 2021, Herman Pontzer ti Yunifásítì Duke àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó èsì omi àkànṣe tí mo ṣàlàyé lókè jọ lára ènìyàn tó lé ní 6,400 ní orílẹ̀-èdè 29, láti orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ dé orí ẹni ọdún 95. Láti ogún ọdún sí ọgọ́ta, bí ara ṣe ń jó agbára kò yí padà, tí a bá ti ro títóbi ara mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ọgọ́ta ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Bí èmi ṣe máa yàn

Ẹni tí kò tíì pé ọgọ́ta, tó sanra, tí ṣúgà rẹ̀ ṣì dáa: oúnjẹ ni kó kọ́kọ́ dojú kọ, kó yọ mínírà àti oúnjẹ alágbèéṣe kúrò ná, kó fi eré kún un nígbà tí ìwọ̀n bá ti ń wálẹ̀. Ẹni tí dókítà sọ fún pé ṣúgà òun ti ń gòkè: èyí tó bá lè ṣe láìdáwọ́ dúró nínú méjèèjì ni kó mú lónìí, torí Daqing ti fi hàn pé ọ̀kan ṣoṣo tó. Ẹni tí kò sanra ṣùgbọ́n tó ń jókòó lójoojúmọ́, eré ni. Àgbàlagbà, méjèèjì, pẹ̀lú nǹkan gbígbé. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tó sì sanra, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè nípa jíjò tó tó kílò 15.

Ẹni tó bá ń gba ínsúlíìnì, tàbí tó ń lo oògùn bíi Daonil, kó rí dókítà kó tó yí oúnjẹ tàbí eré padà rárá, torí ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Bí òógùn bá bò ó, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kó dúró níbi tó wà, kó lá ṣúgà tàbí kó mu mínírà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kó máa gbé e dání ní gbogbo ìgbà tó bá ń jáde lọ rìn.